Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́ ka èyí kí ọjọ́ Fúráìdé tó pé

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Táyé ńkọ́, Kẹ́hìndé ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ẹ, iṣẹ́ ni ò jẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn, òun ni mo ṣe jókòó sídìí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì lóru yìí tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Ọmọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí ìwọ mọ̀ bí ẹní mowó. Nígbà tó dé, gbígbé ni ìyá ẹ̀ gbé e wọlé torí egungun ẹsẹ̀ tó ń ro ó, inú ìpéǹpéjú ẹ̀ funfun, ara ẹ̀ sì kún fún àpá bí ẹni tí wọ́n lù. A fún un ní oògùn fún oṣù kan, wọ́n tún mùdùnmúdùn ẹ̀ yẹ̀ wò, wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan níbẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí ti ń sáré káàkiri wọ́ọ̀dù o! Láàárọ̀ àná, ó yọ nǹkan tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kúrò lọ́rùn dókítà, ó gbé e lé mi láyà, ó wá dákẹ́ títí, ó ní "Àǹtí, ó ń sọ̀rọ̀."

Ìyá ẹ̀ ti ń di ẹrù. Ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí níbẹ̀ mọ́, kí la tún ń ṣe níbí? A ṣàlàyé títí, pé èyí tí ojú ò rí ṣì wà níbi tó sá pamọ́ sí, pé ìtọ́jú yìí ń lọ sí ọdún méjì àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀, pé tí a bá dá a dúró báyìí ó máa padà wá, tó bá sì padà wá kì í gbọ́ oògùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó mi orí, ó ń ká aṣọ ọmọ lọ. Mi ò lè bá a jà. Ọmọ mẹ́ta wà nílé tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, iṣẹ́ tó ń ṣe ti bọ́, ọkọ ń pè lójoojúmọ́ pé ìgbà wo lẹ ń bọ̀. Fúráìdé ló dá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìtọ́jú wa ti dáa ju ti ìgbà tí èmi àti ẹ jọ wà níbí lọ. Látìgbà tí ọsibítù òkè òkun yẹn ti bá tiwa dọ́rẹ̀ẹ́, gbogbo ọjọ́rú ni a máa ń rí ara wa lórí fídíò, a ó fi fọ́tò ẹ̀jẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká tún èyí wò. Ṣé o rántí bí a ṣe ń fa vincristine, oògùn jẹjẹrẹ tó jẹ́ ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan, sínú sírínjì tí a ó kó o sínú àwo kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn? Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wọn rí i, ó dìde lórí àga ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣèèṣì gún un sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ni. Látọjọ́ náà inú báàgì dírípù kékeré ni a ń pò ó sí, kò sẹ́ni tó máa gbé báàgì sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Báàgì lásán! Àti pé ọmọ tó bá ti ń gba kẹ́mò, oògùn jẹjẹrẹ, tí ibà dé sí i, láàárín wákàtí kan tó wọlé, oògùn apakòkòrò ti gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, a kì í dúró de èsì tẹ́ẹ̀sì mọ́.

Dókítà wọn ló sọ fún wa pé kí ọsibítù máa bá ọsibítù dọ́rẹ̀ẹ́ báyìí ti pẹ́, pé Monza ní Ítálì àti ọsibítù La Mascota ní Managua, Nicaragua, ti ń bá ara wọn ṣe é láti 1986. Èyí tó wọ̀ mí lára ni ti Recife ní Brazil. Láàárín 1980 sí 1989, nínú 100 ọmọ tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yìí níbẹ̀, bíi 16 ló pa ìtọ́jú tì lágbede méjì, bíi 32 péré ló sì là á já tí àìsàn náà ò padà. Àwọn àti St. Jude, ọsibítù àwọn ọmọdé tó wà ní Memphis ní Amẹ́ríkà, wá pawọ́ pọ̀, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n wá ibi tí ìyá àti ọmọ á máa sùn, wọ́n ń fún wọn lówó ọkọ̀. Nígbà tó máa fi di 1997 sí 2002, àwọn tó ń pa á tì ò pé ẹyọ kan nínú 100, àwọn tó là á já sì ti lé ní 60. Owó ọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Ìbejì! Oògùn la ti rí, ilé tí obìnrin yìí máa sùn sí ni a ò tíì rí, mo ti kọ̀wé sí ọsibítù òkè òkun yẹn lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ń bí mi nínú gan-an ni. 400,000 ọmọ ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún káàkiri ayé, níbi tí owó wà, ó ju 80 lọ nínú 100 tó ń yè é, níbi tí owó ò sí, wọn ò pé 30. Àìsàn kan náà, oògùn kan náà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ láti 2018 pé ó kéré tán kí 60 nínú 100 máa yè é tó bá fi di 2030. Lọ́dún 2021 àwọn àti St. Jude kéde ètò oògùn ọ̀fẹ́, 200 mílíọ̀nù dọ́là ni St. Jude fi lélẹ̀, Mongolia àti Uzbekistan ló kọ́kọ́ rí i gbà ní 2025. Inú mi dùn sí i, àmọ́ oògùn ò lè bá ìyá tó ti di ẹrù sọ̀rọ̀.

Métírọ̀n ti fẹ̀yìn tì, mo yege ìdánwò yẹn, orúnkún mi ti sàn.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí po, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Táyé, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan láti ọjọ́ yìí. Àmọ́ mo ṣì ń rí báàgì búlúù yẹn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní oṣù keje, tí o jókòó lé e lórí títí ilẹ̀ fi mọ́, tí o wá tú u. Mi ò mọ ohun tó mú ẹ tú u, o ò sọ fún mi, mi ò sì bi ẹ́. Ó wù mí kí o sọ ọ́ fún obìnrin yìí. Kì í ṣe bíi nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ti sú u. Bí o bá lè jẹ́ kó gbọ́ ohùn Táyé náà, ìyẹn á dáa, àmọ́ bí kò bá rọrùn fún ẹ, ohùn ẹ nìkan tó.

Mo máa wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la àti ọ̀túnla. Pè mí lórí WhatsApp, ìgbàkígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́dọ̀ yín, màá gbé fóònù lọ bá a níbi bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀, màá sì jáde síta fún yín.

Bá mi kí Kẹ́hìndé, kí o sọ fún un pé mo rí fọ́tò eyín tó yọ.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ òru