Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù Kristi.

Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé ṣé ó tọ́ kí a máa yẹ àpò wò ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, nígbà tí a ti fi ara wa sí abẹ́ ààbò Rẹ̀. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà ní kíkún, nítorí ogun tí àwọn agbésùnmọ̀mí ń gbé ti aráyé lóde òní yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè kan fi ń dojú kọ ti òmíràn ní pápá.

Agbára kò dọ́gba nínú ogun yìí, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré ni ó sì ń yan ọjọ́ àti ibi ìjà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọkùnrin 19 ni ó já ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin gbà, tí wọ́n sì pa ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ní Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tí agbára ogun rẹ̀ pọ̀ jù lọ láyé. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà fojú bù ú pé owó tí wọ́n ná sí i wà láàárín 400,000 sí 500,000 dọ́là. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Kí oṣù náà tó parí, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣe ìpinnu 1373, tó pa á láṣẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti dí ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè borí ológun a máa wá ibi tí ènìyàn ti pé jọ láìdìhámọ́ra, ilé ìjọsìn sì wà lára irú ibẹ̀.

Ọdún 2019 fi èyí hàn wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọkùnrin kan tó kórìíra àwọn Mùsùlùmí àti àwọn àjèjì wọ mọ́ṣáláṣí méjì ní ìlú Christchurch, ní New Zealand, níbi tí wọ́n ti ń kírun Jímọ̀, ó sì pa ènìyàn 51. Ẹnìkan ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ ṣì kí i ní arákùnrin kí ó tó yìnbọn. Ní ìkejì, olùjọsìn kan mú ẹ̀rọ tí a fi ń gba owó lórí káàdì, ó sọ ọ́ lù ú, ó sì lé e títí tó fi sá lọ. Kí àwọn tó ń sọ láàárín wa pé ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ìgbésùnmọ̀mí rántí Jímọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, bọ́ǹbù dún ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti òtẹ́ẹ̀lì ní Sri Lanka, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 250. Ní Batticaloa, ọkùnrin kan tó gbé àpò ńlá kọ́ èjìká dé Ìjọ Síónì, ó ní òun fẹ́ ya fídíò ìsìn. Ọmọ ìjọ kan bi í léèrè ohun tó wà nínú àpò náà, ó ní kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ, kò sì jẹ́ kí ó wọlé. Ìta ni bọ́ǹbù náà ti bú. Ó pa ẹni tó dá a dúró, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wà nínú ilé tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Íńdíà sì ti ta ìjọba Sri Lanka lólobó ṣáájú. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá ààrẹ àná àti àwọn olórí ààbò lẹ́bi pé wọn kò ṣe ojúṣe wọn.

Nítorí náà, èmi kò rí ìjà kankan láàárín ìgbàgbọ́ àti ìṣọ́ra. Nígbà tí àwọn ọ̀tá Nehemáyà dìtẹ̀, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run, ó sì yan olùṣọ́ tọ̀sán-tòru, kò sì sí ibi tí a ti bá a wí pé ìkejì ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé kí ìbẹ̀rù má sọ wá di ẹni tó ń fi aṣọ àti ahọ́n ènìyàn mọ ọ̀tá. Èyí gan-an ni agbésùnmọ̀mí ń fẹ́: ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìbọn rẹ̀ lè pa, àwọn tó ń wòran ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Apànìyàn ti Christchurch ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀ lórí Facebook, ilé-iṣẹ́ náà sì ní láti yọ ẹ̀dà fídíò náà tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kúrò láàárín wákàtí 24. Ọwọ́ àwọn ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde. Bí irú rẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kìlọ̀ ni.

Ẹ̀yin olùṣọ́nà, ẹ kọ́kọ́ kí olúkúlùkù tó bá dé pẹ̀lú ọ̀yàyà, àlejò àti onílé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yẹ àpò wò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun nìkan ni a fura sí. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ bá a dúró sí ìta, kí ẹnìkejì yín pe àwọn ọlọ́pàá.