Àbúrò rẹ ti wọ oko lọ

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá.

Fúnmi mi,

Ṣé òtútù ti dé sọ́dọ̀ yín? Ìgbà mìíràn la ó sọ ìyẹn. Màmá ní kí ẹnu mi má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, mo sì ṣèlérí pé ẹnu mi kò ní sọ ọ́. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́.

Kúnlé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti kó lọ sí abà bàbá yín àgbà ní Ìdànrè. Kò lọ kí ẹnikẹ́ni o, ó kó lọ ni. Ó ta fíríìjì, ó ta tẹlifíṣọ̀n, ó kó àga fún ọmọ onílé. Fóònù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kékeré onítọ́ọ̀ṣì yẹn ni. Ó ní ariwo ìlú ti sú òun. Èmi kọ́kọ́ rò pé obìnrin ló já a kulẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Irùngbọ̀n ti bo ojú bíi ti wòlíì. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo òkìtì kòkó, ó jókòó tì í, ó ní ó di ọjọ́ kẹfà kí òun tó ṣí i láti sá a, pé tí òun bá kánjú, yóò bàjẹ́. Kúnlé wa, Fúnmi! Kúnlé tí kì í dúró kí ìrẹsì jinná!

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè títí ó fi sú wọn, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀, ìwọ wá ń sá padà. Ó ní abà òun kò sí lórí òkè, òun kò lè gun àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ nítorí àlàáfíà.

Ó ní ayé òun rọrùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti pọnmi lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò kò jẹ́ kí kòkó gbádùn, ó ń dúdú lórí igi. Ní 2024 tí owó kòkó fò sókè, gbogbo èèyàn ló rántí abà bàbá wọn. Owó já wálẹ̀, wọ́n gbàgbé. Ìgbà tí wọ́n gbàgbé yẹn ni Kúnlé tiẹ̀ wá lọ.

Ìyá alákàrà ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ti kú. Ọmọ Bọ́sẹ̀ wọ yunifásítì. Wọ́n tún ọ̀nà wa ṣe, ó ti tún bàjẹ́.

Ẹsẹ̀ Kúnlé ni kò jẹ́ kí n sinmi. Àdá ṣá a, ó fi ewé dì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàtà tó ń wọ̀ roko ti lu, paramọ́lẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì jìnnà.

Òjò ká mi mọ́ ibẹ̀, mo sun yàrá ìyá yín àgbà. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí gbohùngbohùn ìsọjí. Fúnmi, láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá Tóbi, n kò sùn bẹ́ẹ̀ rí. Oòrùn ti là kí n tó jí.

Màmá máa fẹ́ kí o pè é padà. Jọ̀wọ́, má pè é. Bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ni kí o bá mi wá, nọ́ńbà 44. Tí owó bá ṣẹ́ kù, mú nọ́ńbà 39 mọ́ ọn.

Má tíì bi mí ní nǹkankan.

Èmi ni,
Bísí rẹ.