Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Àwọn Ẹbí Tó Ń Kó Ọmọ Wá Sùn ní Kámpù Kéékèèké

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Akọ̀wé Àgbà àti ọ̀gá àwọn wolé-wolé.

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa onílé-àlejò àti oníkámpù kéékèèké, Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀.

Alága wa, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìmúra ọdún.

Ìwé tí ọ́fíìsì yín fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ó ní bẹ̀rẹ̀ láti ọdún Iléyá tó ń bọ̀, ibùsùn tí yàrá tàbí àgọ́ rẹ̀ kò bá pé mẹ́wàá kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sùn mọ́jú, ìbáà jẹ́ pé bàbá àti ìyá rẹ̀ ló mú un wá. A kà á nípàdé, a tún un kà. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá àṣẹ yìí dúró ná, kí a jọ jókòó ṣe èyí tí yóò dáàbò bo ọmọ láì lé òbí rẹ̀ dànù.

Bí a bá ní kámpù, kì í ṣe ti àwọn ìjọ ńláńlá ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn là ń wí o. Tiwa kò ju pulọ́ọ̀tì méjì mẹ́ta lọ, tí a mọ ọgbà yí ká: àgọ́ díẹ̀, yàrá díẹ̀, ibi ìdáná kan, kànga kan. Èrò ọdún Ojúde Ọba ló ń sùn lọ́dọ̀ wa jù, lẹ́yìn náà àwọn tó wá wo yàrà Bílíkísù Sùngbọ́, kòtò ààbò ìlú láyé àtijọ́, ní agbègbè Òkè-Ẹ̀rí, àti àwọn tó ń lọ sí J4 nínú igbó ọba Ọmọ nítorí erin.

A mọ ohun tó bí ìwé yín. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ kan tẹ ìdérí ṣalángá ní ibùsùn kan, ìdérí náà sì já. Ọlọ́run bá wa ṣé e, wọ́n fà á yọ, ẹsẹ̀ ló kán. Nígbà tí ẹgbẹ́ lọ wo ibẹ̀, pákó ni wọ́n fi ṣe ìdérí náà, wọ́n da yanrìn lé e kó má baà burẹ́wà, òjò ọdún mélòó kan sì ti jẹ pákó náà tán lábẹ́ yanrìn. Ẹni tó bá dúró lókè kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Àgbàlagbà ni ìbá tẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà ni ìbá jìn sínú rẹ̀. Ìdérí ló jẹ̀bi, orí bíbẹ́ kò sì tíì di oògùn orí fífọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń lọ láti ilé dé ilé. Kọnkéré tí a fi irin sí nínú ni a ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fi dé ṣalángá àti sọkawéè, èyí tó wúwo débi pé ọmọdé kò lè ṣí i. Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí àti kọ́kọ́rọ́. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí èèyàn ń sùn, nítorí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ẹni tó bá ti sùn lọ kò ní mọ̀ rárá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ibà ń pa jù ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà a kò fẹ́ kí àgọ́ kankan wà láìní nẹ́ẹ̀tì olóògùn. Àwọn kan ti ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn kan ṣì ń fà á. Àwọn tó ń fà á yìí ni a fẹ́ kí wolé-wolé bá wa wí.

Alága wa, àṣẹ yìí kò ní dá àwọn ẹbí dúró. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ sì mọ bí ìlú ṣe máa ń rí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá ti kún tipẹ́. Látìgbà tí àwòrán ọdún 2024 ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tí kò ní ìbátan n'Íjẹ̀bú pàápàá ń wá. Bí a bá lé tọkọtaya tó mú ọmọ mẹ́ta dání, inú mọ́tò ní ilé epo ni wọn yóò sùn, tàbí kí wọ́n lọ sí ibi tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, tí wolé-wolé kankan kò dé rí. Ṣé ibẹ̀ ló wá sàn fún ọmọ?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹnu ń kọ̀ láti sọ. Àwọn ilé kan wà tó ń gba owó yàrá ní wákàtí-wákàtí, tí ọtí àti ariwo kò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọdé kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, kí ẹ fòfin de wọn, a wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ìwé yín kó wa pọ̀ mọ́ wọn, ó dùn wá. Bákan náà ni ẹni tó bá mú ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wá: a ń kọ orúkọ sílẹ̀, a ń pe òbí lórí fóònù níwájú rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fi ààbò ọmọ ṣeré, àwa náà kò fi ṣeré.

Kì í ṣe gbogbo wa ló fẹ́ ọmọdé o. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ gbangba pé ariwo ọmọ ń lé oníbàárà òun, pé àwọn àgbà tó ń sá fún ariwo Èkó ló ń wá sọ́dọ̀ òun. Òótọ́ ló sọ, kò sì sẹ́ni tó máa fipá mú un. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí oníkálukú kọ ọ́ sára pátákó, kó sì sọ ọ́ lórí fóònù kó tó gbowó àsansílẹ̀, kí ẹbí má baà dé láàárín òru kí a tó wá máa ṣẹnu mẹ́nu.

Ní tòótọ́, ẹbí ni ọjà ń jẹ lára rẹ̀. Àpọ́n á sùn, á lọ. Ìyá ọlọ́mọ á béèrè àkàrà láàárọ̀, á ní kí wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ fún òun lọ́sàn-án, á sì ra gàrí Ìjẹ̀bú lọ sílé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí s'Ékòó àti ìlú òyìnbó wà nínú wọn, tó jẹ́ pé ọjọ́ Ojúde Ọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, àwọn òbí wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí wolé-wolé wá wo ilé wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá, kí ẹni tó bá yege gba ìwé àṣẹ láti gba ẹbí, kí ẹni tó bá kùnà má gbà wọ́n títí yóò fi tún ilé rẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ alẹ́ ọdún gan-an ni wọn yóò wá. Owó ìwé náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí a san án, pẹ̀lú rìsíìtì. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sì fi kíkó ìdọ̀tí àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọkọ̀ ìdọ̀tí kò dé àdúgbò àwa tó wà lẹ́yìn ìlú lásìkò ọdún, ẹ bá wa rán an.

A ti yan ẹni mẹ́ta, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan, tí yóò wá fojú kan yín. Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ dá, ṣùgbọ́n kí ó ṣáájú ọjọ́ tí àṣẹ yìí yóò bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ẹbí kan ti ń pè wá láti gba àyè sílẹ̀, a kò sì mọ èsì tí a ó fún wọn.

Àwa ni tiyín,

Alága ẹgbẹ́
Ìyálóde ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́