Ẹ yé da omi òjò sí páìpù ìdọ̀tí Festac

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ ní Festac Town, omi ìdọ̀tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀. Páìpù ló gbó, ni gbogbo wa ń wí. Ó gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa náà ń dá kún un.

Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú yìí fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì, ọdún 1977, kí wọ́n tó pín ilé fún aráàlú. Àbàtà ni ilẹ̀ ibẹ̀. Sókàwéè, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ti ń rin wọ inú ilẹ̀, kì í fa omi dáadáa lójò, páìpù àjùmọ̀lò ni wọ́n sì rì mọ́lẹ̀. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná nìkan ló wà fún. Ẹlòmíràn wá so omi òrùlé mọ́ ọn. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 5,000 ni. Níbo ni páìpù fẹ́ gbé e sí?

Bó bá dí, ẹ ṣí àwọn ihò àyẹ̀wò, ìyẹn ihò onídèérí tó wà lójú ọ̀nà páìpù, láti ẹ̀bá ilé lọ sí ìsàlẹ̀. Àárín èyí tó kún àti èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e ni ìdènà wà: ọ̀rá, àkísà, pámpáàsì, òróró tó dì. Láti inú èyí tó gbẹ ni kí ẹ ti ki ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kí ẹ máa yí i. Ẹni tó bá yí i sódì, oríkèé ọ̀pá á tú, á sì há sínú. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú ihò náà o, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pani, ó sì máa ń pa ẹni tó bá sáré wọlé lọ dóòlà pẹ̀lú.

Páìpù íńṣì 4 tí pọ́ńbà bá ń rì, kó rọ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú 40. Bó bá tẹ́ jù, omi á lọ, ìgbẹ́ á dúró. Ẹni tó bá sì fi dandan gbẹ́ sókàwéè, kó jìnnà sí bohóòlù tó mítà 30, tirẹ̀ àti ti aládùúgbò.

Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ló yẹ kó wọ àgbàlá kọ̀ọ̀kan kí òjò tó dé, kí wọ́n já omi òrùlé kúrò lára páìpù, kí wọ́n dà á sí gọ́tà. Ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ihò àyẹ̀wò, kó ṣí i sílẹ̀.

Olùgbé Festac, Èkó