Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin tó ń so tírà, kí ló wà nínú ẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi, àsàláámù àláékúmù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ọjà Ọba lọ sí Pàkátà so tírà mẹ́ta mọ́ apá. Awọ wọn ṣì ń dán. Mo ní kí ló wà nínú wọn. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ o. Orí wáàsápù ni mo ti rí áàfáà yẹn. Mo sanwó, wọ́n fi ránṣẹ́." Àṣíborí rẹ̀ rèé, ọwọ́ ọ̀kadà ló gbé e kọ́.

Mi ò kórìíra tírà. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi a po tàdáà, ìyẹn yíǹkì ìkéwú, a kọ Fálákì àti Náàsì, súrà méjì nínú Àlùkùránì, sórí ìwé, a ká a kó kéré, a fi òwú dì í, oníṣẹ́ awọ a wá rán an. Nígbà mìíràn wọ́n á fa ilà sí yàrá mẹ́sàn-án, wọ́n á to 1 dé 9 sínú ẹ̀. Ro ó pọ̀ lóòró, ro ó pọ̀ níbùú, 15 náà ni. Mo pè é nídán nígbà èwe, ìṣirò ni. Ọmọ tí kò tí ì lè kéwú ni bàbá ń so tírà fún jù. Ẹni tó bá ti lè kéwú, wọ́n á ní kó lọ kà á fúnra ẹ̀.

Àwọn áàfáà ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, wà nínú ìwé Imam Ahmad pé ẹni tó so tàmímà, ohun tí wọ́n ń so mọ́ra fún ààbò, ti ṣẹbọ. Àwọn kan ní ó kan gbogbo tírà. Àwọn mìíràn ní tó bá jẹ́ Àlùkùránì nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò burú. Ìjà yẹn ti dàgbà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìhà méjèèjì, ta ló ní kẹ́ ẹ so ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀?

Áyà, ìyẹn ẹsẹ, 5 ni Fálákì, 6 ni Náàsì. Bí Ànábì bá fẹ́ sùn, wọ́n á ka méjèèjì pẹ̀lú súrà Ikhlas sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi pa ara lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí awọ níbẹ̀.

Ní Pàkátà, mo ní ká tú ọ̀kan wò. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ ni, wọ́n gé e sáàárín áyà, ìyókù ò sí níbẹ̀. Mo kà á sí i létí débi tí wọ́n gé e dé. Kò sọ nǹkan kan. Ó gba abẹ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èkejì.