Ẹ̀sùn kẹfà: ₦11,900 mi tí ẹ ní ẹ óò dá padà ní wákàtí 48

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mo ń kọ̀wé sí yín. Nọ́ńbà fóònù mi wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà ẹ̀sùn márààrún tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi náà wà níbẹ̀, torí náà n kò ní rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù lọ́dọ̀ yín ló máa ń ní kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti sú mi.

Ẹ ṣáà rántí pé oṣù Keje ni mo lọ bá ọmọ mi gbọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti san owó ètò roaming ọjọ́ méje, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn lo nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀ lókè òkun, ní ọ́fíìsì yín n'Íléṣà kí n tó lọ. Ní alẹ́ tí ètò náà máa parí láago méjìlá, ìyá ìjọ wa pè mí láti ibi ìṣọ́ òru ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Ó gbàdúrà fún ọmọ tuntun fún ìṣẹ́jú 17. Ẹ yọ ₦11,900 lórí àdúrà yẹn. Ìyá ìjọ rò pé owó tòun lòun ń ná.

Mo pè yín láti Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. Mo fi èjìká há fóònù, ọmọ ń sùn lórí itan mi, orin yín ń kọ, owó mi ń lọ. Nígbà tí ọmọkùnrin kan máa gbé e, ó ní, "Mọ́mì, aago Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, ètò yín ti kú kí wọ́n tó pè yín."

Ọ̀gá, ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Lóṣù Keje, aago kan náà ni Lọ́ńdọ̀nù àti Nàìjíríà ń lò. Tó bá di ìgbà òtútù wọn, àwa gan-an la máa ń fi wákàtí kan ṣáájú. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń ṣe fún ọmọ fọ́ọ̀mù wáǹ. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?" Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Títí mo fi padà wálé, WhatsApp lórí Wi-Fi ilé ọmọ mi ni mo fi ń pe èèyàn, kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ọmọ mi ló pa data roaming. Ẹ̀yin tí ẹ gbowó lọ́wọ́ mi kò sọ ìyẹn fún mi.

Ọmọbìnrin kan gbà pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ó ní wákàtí 48. Oṣù méjì ti kọjá. Ọ́fíìsì Iléṣà ní kí n lọ sí Òṣogbo. Mo wọ mọ́tò lọ. Òṣogbo ní kí n kọ ímeèlì. Mo kọ ọ́. Èsì yín: "A ti yanjú ẹ̀sùn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún." Ẹ ṣeun o. Kí lẹ yanjú?

Mo fẹ́ ₦11,900 mi, mo fẹ́ owó mọ́tò Òṣogbo, mo sì fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn pè mí, kó bẹ̀ mí. Bí Ọjọ́ Ẹtì bá kọjá tí n kò rí nǹkan kan, n óò pe 622, nọ́ńbà NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ẹ̀yin iléeṣẹ́ fóònù. Bí wọ́n bá bi mí bóyá mo ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn yín, nọ́ńbà márààrún ni n óò kà fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, n óò gbé nọ́ńbà tí mo ti ń lò láti ọdún 2004 lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, ẹgbẹ́ wa, àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, yóò sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, n óò wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín n'Íléṣà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní Òṣómàáló. Àwọn baba wa kì í kúrò lórí òṣó níwájú ajẹgbèsè títí owó á fi jáde. Orúnkún ń dùn mí, torí náà n óò gbé àpótí tèmi wá.

Èmi ni,
Oníbàárà yín láti ọdún 2004,
Ìsọ̀kùn, Iléṣà.