Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ tí ìyà Èkó ń mú bi Ọlọ́run léèrè

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ọmọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ilé ti pé, ìyá rẹ̀ sì ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní, "Bàbá, kí ni Ọlọ́run tiẹ̀ ń fi ìyà mi ṣe?" Mo gbàdúrà fún un, mo fún un ní ìwọ̀nba tó wà lápò mi, àmọ́ n kò dá a lóhùn. Ìbéèrè náà bá mi délé. Mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń béèrè rẹ̀, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sí gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí n kò gbà. N kò gbà pé ẹni tí ìyà bá ń jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, ohun tí wọ́n bi í ni pé ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó wà nínú Jòhánù orí 9. Síbẹ̀, títí dòní, kí ọmọ tó ro ẹjọ́ rẹ̀ tán fún wa, a ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tàbí ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀. Ó máa ń dùn mí.

Wọ́n ṣe é fún èmi náà. Atẹ̀wé ni mí, ní Ṣómólú. Ní 1994, iná jó ṣọ́ọ̀bù mi kanlẹ̀: máṣíìnì méjì, pépà tí mo rà láwìn, kàlẹ́ńdà tí oníbàárà ń bọ̀ wá kó lọ́jọ́ kejì. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òórùn pépà tó jóná kò kúrò lára aṣọ mi. Ọdún yẹn kò tíì tán tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlu ìyàwó mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wẹ̀ fún un, tí mo ń bọ́ ọ, tí mo ń jí lóru láti yí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó, kí Olúwa tó gbà á. Arákùnrin kan nínú ìjọ wá bá mi nígbà náà, ó ní kí n lọ ṣàwárí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi pamọ́. Mo wá a, ẹ̀yin ọmọ mi. Oṣù púpọ̀ ni mo fi wá a. Mo rí ẹ̀ṣẹ̀, ta ni kò ní? N kò rí èyí tó tó iná yẹn.

Ẹni tó gbé mi ró kò wàásù fún mi. Alhaja tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní àdúgbò wa ni. Láràárọ̀, á gbé ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á bá tirẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun náà ti tọ́jú ọkọ tó dùbúlẹ̀ rí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù tó wọ̀ mí lára, èyí tó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú ìwé kejì, orí kìn-ín-ní, pé Ọlọ́run ń tù wá nínú kí àwa náà lè tu ẹlòmíràn nínú. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, bí ìkíni lásán ló ṣe ń rí lójú mi. Ìyà fúnra rẹ̀ kò gbọ́n, kò sì ní ohun rere kan tó fẹ́ fún wa. Àmọ́ ẹni tí Ọlọ́run bá mú la inú rẹ̀ kọjá, ọwọ́ rẹ̀ a máa mọ ibi tó ń dun ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ yà sí Kàtídírà tó wà ní Màrínà, kí ẹ rántí Àjàyí Crowther. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn òru kan wà tí òun ń wá ikú. Ní Èkó wa yìí, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kan náà so ọrùn tàgbà tèwe pọ̀. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn Potogí, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti mọ Krístì. Ní 1846, ó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bíbélì Yorùbá tí mo ń kà létí ibùsùn ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọlọ́run kọ́ ló rán àwọn tó kó o lẹ́rú o. Ìkà ni wọ́n ṣe. Jósẹ́fù náà kò bo ọ̀rọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ibi lẹ gbèrò sí mi, ló kọ́kọ́ wí, kó tó sọ pé Ọlọ́run yí i sí rere. Ìyà Àjàyí kò sì tán lọ́jọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tàbùkù iṣẹ́ tó ti ṣe lágbègbè Odò Ọya lójú rẹ̀. Ó kú ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná. Inú mi kì í dùn bí wọ́n bá ń fo ibẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀.

Ohun kan kù. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sídìí iná. Ìyà tí ẹ bá lè kúrò nínú rẹ̀, ẹ kúrò. Ọkọ tó ń luni kì í ṣe àgbélébùú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó lọ sí ọsibítù, kí àdúrà bá a débẹ̀. Ẹni tí ikú bá ń wù, kó wí fún ẹnìkan lónìí, kó má di ọ̀la. Jésù pàápàá bẹ Baba ní Gẹtisémánì pé kí ife náà ré òun kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì lè pe ìyẹn ní àìnígbàgbọ́.

Ìwọ ọmọkùnrin tó dúró dè mí, mo ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Ajé. N óò kọ́ ìwọ àti àbúrò rẹ bí a ṣe ń yí aláìsàn padà tí ara rẹ̀ kò fi ní bó. Lẹ́yìn náà, n óò jókòó ti ìyá yín títí di ìrọ̀lẹ́, kí ìwọ lè jáde lọ wá iṣẹ́.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Ṣómólú